Ohun tó ń ba hítà jẹ́ ní Sùúrùlérè, Yábàá àti Mùṣín

Bí hítà ilé bá jó, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò láìpẹ́ ọjọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé ayédèrú ọjà ni wọ́n tà fún àwọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ omi tó ń wọnú hítà náà ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí, torí àwọn kan ń náwó sórí oògùn tí kì í ṣe ti àìsàn tó ń ṣe wọ́n.

Ẹni tó bá ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù yóò ti gbọ́ nípa èépá funfun tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tù lọ́hùn-ún. Omi líle ló ń fà á, ìyẹn omi tó gba inú òkúta ẹfun kọjá, tó sì kó kálísíọ̀mù dání. Bó bá ti ń gbóná, èépá á dì mọ́ wáyà tó ń mú omi gbóná, á le bí òkúta. Ooru kò ní ráàyè jáde, wáyà náà á gbóná kọjá ààlà, á sì jó. Irú òkúta yìí wà nílẹ̀ wa náà: òun ni wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láti ọdún 1960.

Ti Èkó yàtọ̀. Agbára ilé iṣẹ́ omi Ìjú jẹ́ gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 45 lójúmọ́, ti Adíyàn jẹ́ mílíọ̀nù 70, síbẹ̀ bóhóòlù ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé. Inú iyanrìn àti amọ̀ ni bóhóòlù wọ̀nyí ti ń fa omi. Omi náà sábà máa ń rọ̀, ọṣẹ ń hó nínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Wàhálà tirẹ̀ ni ásíìdì àti irin. Ásíìdì ń jẹ táǹkì hítà àti páìpù onírin, irin á di ẹrẹ̀ pupa, á sùn sí ìdí táǹkì. Òṣùwọ̀n omi mímu tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ lọ́dún 2007 ní kí irin má ju mílígíráàmù 0.3 lọ nínú lítà kan, kí pH sì wà láàárín 6.5 sí 8.5.

Láti mọ tiyín, ẹ fa omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ gbé e kalẹ̀ di òwúrọ̀. Bó bá mọ́ nígbà tí ẹ fà á, tó wá pọ́n rúsúrúsú lówùúrọ̀, irin ni.

Àwọn ọlọ́jà ń polówó ẹ̀rọ oníyọ̀ tó ń mú omi líle rọ̀. Ó dára fún Lọ́ńdọ̀nù. Omi tó ti rọ̀ tẹ́lẹ̀, kí lẹ tún fẹ́ mú rọ̀ níbẹ̀? Irin tó pọ̀ yóò tún ba ẹ̀rọ ọ̀hún jẹ́. Ibi tí iyọ̀ bá ti wọ omi nítòsí ọ̀sà nìkan lọ̀rọ̀ lè yí padà, nítorí náà ẹ gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò kí ẹ tó náwó.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí omi máa já wàràwàrà gba inú afẹ́fẹ́ bọ́ sínú táǹkì, kí irin lè pọ́n, kó sì rọ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ wá fi yanrìn sẹ́ ẹ. Ásíìdì máa ń fa iṣẹ́ yìí sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí omi kọ́kọ́ gba inú òkúta ẹfun wẹ́wẹ́ kọjá. Òkúta tó ń ba kẹ́tù jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ló wá ń tún omi Èkó ṣe!

Ẹ sọ fún púlọ́ńbà yín pé kó máa pa iná hítà, kó fọ ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán. Kó yẹ ọ̀pá magnesium inú rẹ̀ wò pẹ̀lú. Iṣẹ́ ọ̀pá yìí ni kí ìpẹtà máa jẹ òun dípò táǹkì, tó bá ti tán, ó di táǹkì fúnra rẹ̀. Kó má sì gbàgbé fáfù tó ń tú agbára omi gbígbóná jáde, torí bí ẹrẹ̀ bá dí i, táǹkì lè bẹ́.

Ayálégbé tí kò láṣẹ lórí táǹkì onílé, tó ń fi rìǹgì bọ́ílà gbé omi kaná, lè jẹ́ kí omi sùn mọ́jú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó rọra da ti òkè lò, kó sì fi ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sílẹ̀.