Ikọ́ tí ń há èémí mọ́ ọmọ láyà

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá ní Lougba, ǹjẹ́ ẹ ti rí ọmọ tí àyà rẹ̀ ń dún bí fèrè lóru? Bí ó bá sáré díẹ̀, yóò dúró, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ọyẹ́ bá dé, tàbí tí èéfín bá kún ilé, ikọ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní ikọ́ fée. Ní ilé ìwòsàn, ásímù ni wọ́n ń pè é.

Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe ọmọ náà. Àwọn mìíràn kì í jẹ́ kí ọmọ wọn bá a lo ife kan náà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àìsàn yìí kì í ràn. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró ló wú, tó sì fún.

Níbo ló ti wá? Apá kan wá láti inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Bí ìyá tàbí bàbá bá ní in, ó lè tètè mú ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́. Ẹ gbọ́ èyí. Àwọn àgbẹ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà tí à ń pè ní Amish àti Hutterite. Yúróòpù ni baba ńlá àwọn méjèèjì ti wá, ẹ̀jẹ̀ wọn sì jọra gan-an. Àwọn Amish ń fi ẹṣin túlẹ̀. Ilé màlúù wọn kò jìnnà sí ilé, àwọn ọmọ wọn sì ń ṣeré níbẹ̀ láti kékeré. Àwọn Hutterite ń fi ẹ̀rọ ńlá dáko, ẹran wọn sì jìnnà sí ọmọ. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2016 sọ pé nínú 100 ọmọ Amish, bí 5 ló ní ásímù. Nínú 100 ọmọ Hutterite, ó tó 21! Eruku ilé Amish kún fún ohun tí àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ń fi sílẹ̀. Ó jọ pé eruku yìí ló ń kọ́ ara ọmọ láti mọ ọ̀tá gidi yàtọ̀ sí eruku lásán. (Ẹ má torí èyí gbé ewúrẹ́ wọ yàrá o. Ìgbẹ́ ẹran tó bá kan oúnjẹ lè fa ìgbẹ́ gbuuru.)

Abúlé nìkan kò tó láti dáàbò bo ọmọ. Ní Kumasi ní ilẹ̀ Gánà, wọ́n ní kí àwọn ọmọ iléèwé sáré, wọ́n sì wọn èémí wọn. Láti 1993 sí 2003, àwọn ọmọ abúlé tí àyà wọn há gbéra láti bí 2 nínú 100 dé bí 4. Ti àwọn ọmọ olówó ìlú tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lójú tèmi, èéfín igi ìdáná ló yẹ ká kọ́kọ́ bá jà níhìn-ín. Ìyá ń yan gààrí, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, èéfín ń wọ àwọn méjèèjì nímú. Ẹ gbé ààrò sí abẹ́ àtíbàbà tí kò ní ògiri. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ọmọ. Ẹni tó ń mu sìgá, kó jáde síta. Oògùn kòkòrò oko kò gbọdọ̀ wà ní yàrá tí ọmọ ń sùn.

Oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu wà. Ọ̀kan ń ṣí àyà nígbà tó bá há. Salbutamol ni orúkọ rẹ̀. Òmíràn wà tí ọmọ ń lò lójoojúmọ́ kí ọ̀nà èémí má baà wú. Ọmọ kékeré kì í mọ bí a ṣe ń fà á. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìwádìí ọdún 1999 fi hàn pé ike omi ìdajì lítà lè ṣiṣẹ́ bí irinṣẹ́ olówó gọbọi tí wọ́n ń tà fún un. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi bí a ṣe ń gé e hàn yín.

Bí ẹ bá rí i pé ìhà ọmọ ń wọ inú bó ṣe ń mí, tí kò lè sọ̀rọ̀ tán, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dà bí aró, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e sórí alùpùpù lọ sí ilé ìwòsàn lóru náà. Bí ẹ bá ní salbutamol nílé, ẹ máa fín in fún un lójú ọ̀nà.