Kí omi mọ́ lójú kò tó: bí ẹ ṣe lè fi chlorine tọ́jú omi ilé lẹ́yìn omíyalé

Ẹni tó bá mọ Odawna nílùú Accra, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kwame Nkrumah Circle, yóò mọ odò Odaw tó ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ọ̀sà Korle. Bí òjò ńlá bá rọ̀ tí odò náà kún àkúnya, omi gọ́tà, ìdọ̀tí àti ìgbẹ́ á bá onílé wọlé. Nígbà tí omi bá fà, kálukú á máa fọ ilẹ̀, á máa sá ẹní. Ṣùgbọ́n omi tí ọmọ máa mu lálẹ́ ọjọ́ náà ńkọ́?

Lọ́dún 2014, àrùn onígbáméjì jà ní Ghana. Àwọn tó kó o lé ní 28,000, àwọn tó kú sì lé ní 240. Agbègbè Accra ló ti le jù. Inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ẹni tó ní àrùn náà ti kàn ni kòkòrò rẹ̀ ń gbà wọ ara, ó sì lè fa omi ara ọmọdé gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀. Chlorine inú bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Hypo tàbí Jik, tí àwọn ará Ghana ń pè ní Parazone, lè pa kòkòrò yìí. Ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń lò ó.

Bí chlorine ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ fi chlorine wé ọdẹ tí ọta ìbọn rẹ̀ níye. Gbogbo ìdọ̀tí tó bá pàdé nínú omi ló máa yìnbọn sí: ẹrẹ̀, ewé, ìtọ̀ àti kòkòrò. Bí omi bá dọ̀tí púpọ̀, ọta á tán sórí ẹrẹ̀ kó tó kan kòkòrò. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́kọ́ sẹ́ omi. Chlorine tún nílò àkókò. Ẹni tó bú u mu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ìwọ̀n tó yẹ

Ẹ jẹ́ ká lo kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ yẹ́lò tó ń gba lítà 25, èyí tí àwọn ará Ghana ń pè ní Kufuor gallon, láti ayé ọ̀wọ́n omi ìgbà Ààrẹ John Kufuor.

1. Ẹ jẹ́ kí omi náà tòrò, kí ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́, tí ẹ ká po, sẹ́ ẹ.

2. Ẹ ka ara ìgò bílíìṣì. Èyí tó ní òórùn dídùn tàbí ọṣẹ nínú kò ṣeé fi sómi mímu, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ti pẹ́ jù, nítorí agbára rẹ̀ ti dín kù. Bí wọ́n bá kọ 5% tàbí 6% sí i, ẹ̀kán méjì ni fún lítà kan, ìyẹn bí ìdajì ṣíbí ìmutíì fún kẹ́ẹ̀gì kan. Bó bá jẹ́ 3.5%, ìdajì ṣíbí náà ṣì tó fún omi tó mọ́. Bí omi bá ṣì rí dúdú lẹ́yìn tí ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi odindi ṣíbí ìmutíì kan sí i.

3. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ dé e, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

4. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ó yẹ kó rùn chlorine díẹ̀. Bí kò bá rùn rárá, ẹ tún ìwọ̀n kan náà fi sí i, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 sí i. Bí kò bá tún rùn, ẹ má mu ún.

Ẹ pa omi náà mọ́ sínú ohun èlò tí ẹnu rẹ̀ kéré, kó ní ìdérí, kí oòrùn má pa á. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ máa ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ohun tí chlorine kò lè ṣe

Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹfà, ọdún 2015, nígbà tí omi ya bo Circle, ilé epo kan gbiná níbẹ̀. Ó lé ní 150 ènìyàn tó kú nínú omi àti iná ọjọ́ náà. Omíyalé inú ìlú lè gbé epo àti kẹ́míkà dání, chlorine kò sì lè mú wọn kúrò. Sísè pàápàá kò lè ṣe é. Omi tó bá ń rùn epo, ẹ dà á nù. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò omi kankan. Ọmú ìyá rẹ̀ ti tó o.

Kó má di májèlé

Ẹ má da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ọṣẹ ásíìdì tí a fi ń fọ ṣáláńgá tàbí ohun ìfọlé mìíràn. Afẹ́fẹ́ olóró tó máa jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fipá mú un bì, nítorí ohun tó jó ọ̀nà ọ̀fun nígbà tó ń wọlé á tún jó o nígbà tó bá ń jáde. Ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, ẹ gbé ìgò náà dání, kí ẹ máa lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní swimming pool nílé

Òfin kan náà ni. Chlorine inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní míligíráàmù 1 nínú lítà kan, kí pH wà láàárín 7.0 sí 7.8. Bí òórùn omi náà bá ń ta sí yín lójú àti nímú, ìtọ̀ àti òógùn ló sábà máa ń ti dà pọ̀ mọ́ chlorine. Kì í ṣe àmì pé omi mọ́. Pool onírọ́bà tàwọn ọmọdé, ẹ dà á nù lẹ́yìn tí wọ́n bá wẹ̀ tán.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé

Bí ìgbẹ́ ọmọ bá ń ṣàn bí omi ìrẹsì, ẹ má dúró di òwúrọ̀. Ẹ máa fún un ní ORS. Bí kò bá sí nílé, ẹ po ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀, kí gbogbo rẹ̀ ṣe déédé ẹnu ṣíbí, mọ́ lítà kan omi tí ẹ ti tọ́jú. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sílé ìwòsàn.