Iná Pupa Ọ́ìlì inú Mọ́tò: Ohun tí ó ń Sọ, àti Ohun tí ó yẹ ní Ṣíṣe

Àgbẹ̀ tí ó bá wa gbágùúdá ní oko Ajílété mọ̀ pé ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta péré ni ó ní kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú nínú. Nítorí náà, nígbà tí ó bá ti di ẹrù sínú mọ́tò tí ó sì dorí kọ ọjà Ọ̀wọ̀dé tàbí Ìlaròó, kò fẹ́ ohunkóhun tí yóò dá a dúró lójú ọ̀nà. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni iná pupa kékeré kan, tí a ya àwòrán agolo ọ́ìlì ẹlẹ́nu gígùn sí, lè tàn níwájú awakọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé, “Ọjà kò jìnnà mọ́, bí a bá débẹ̀, a ó wò ó.” Ọ̀rọ̀ yìí ti sọ ẹ́ńjìnnì púpọ̀ di irin àlòpatì.

Kì í ṣe pé ọ́ìlì dín kù nìkan ni iná yìí ń sọ. Ohun tí ó ń sọ ni pé ipá tí ń ti ọ́ìlì káàkiri inú ẹ́ńjìnnì kò tó mọ́. Ní ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni àwo irin kan wà tí ọ́ìlì ń gbé. Pọ́ǹpù ń fà á láti ibẹ̀, ó ń tì í gba inú asẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fílítà, ó sì ń rán an lọ sí ibi gbogbo tí irin ti ń yí lórí irin. Bí ohun gbogbo bá wà létòlétò, irin méjèèjì kì í fi ara kan ara wọn, nítorí ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń bẹ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n bí ipá náà bá lọ sílẹ̀ jù, irin a máa lọ irin, wọn a gbóná, wọn a sì há mọ́ ara wọn. Èyí ni a ń pè ní kí ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sì tó fún un.

Ìdánwò kìíní ni èyí tí awakọ̀ lè ṣe ní àgbàlá rẹ̀ ní òwúrọ̀. Kí ó yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tan ẹ́ńjìnnì: iná pupa náà gbọ́dọ̀ tàn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sì ń ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ kú láìpẹ́. Bí kò bá tàn rárá nígbà tí a yí kọ́kọ́rọ́, kì í ṣe àmì àlàáfíà. Gílóòbù lè ti jó, wáyà sì lè ti já. Olùṣọ́ ti sùn, ilé sì wà láìní ẹ̀ṣọ́.

Bí iná bá tàn lójú ọ̀nà, kí awakọ̀ yà sí ẹ̀bá ọ̀nà níbi tí ilẹ̀ tẹ́jú, kí ó sì pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Kí ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ọ́ìlì lè sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó fa géèjì yọ, kí ó fi àkísà mímọ́ nù ún, kí ó tì í bọlé títí dé ìdí, kí ó sì tún fà á yọ. Àmì méjì ni ó wà lára rẹ̀; àárín wọn ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà. Bí ó bá dín, kí ó bu irú ọ́ìlì tí ìwé mọ́tò náà sọ sí i díẹ̀díẹ̀, kí ó sì máa wọ̀n ọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, bíi lítà kan ni ó wà láàárín àmì méjèèjì. Kò gbọdọ̀ kọjá àmì òkè, nítorí ọ́ìlì tí ó pọ̀ jù a máa hó bí ọṣẹ, ìfófòó kò sì lè ṣe iṣẹ́ ọ́ìlì.

Bí iná bá kú lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ kò tíì parí, nítorí ọ́ìlì tí ó dín ní ibi tí ó gbà lọ. Kí ó wo ìdí asẹ́, àti bóòtù tí a fi ń tú ọ́ìlì dànù, àti àwo irin náà, tí òkúta lè ti lù. Bí ọ́ìlì ara géèjì bá sì funfun bí omi ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Mọ́tò náà kò gbọdọ̀ rìn.

Bí ọ́ìlì bá pé tí iná sì ń tàn síbẹ̀, yálà ipá ti lọ ní tòótọ́, tàbí súìṣì ọ́ìlì tàbí wáyà rẹ̀ ń purọ́. Súìṣì yìí jẹ́ irin kékeré tí a dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, lọ́pọ̀ ìgbà nítòsí asẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́, wáyà kan ṣoṣo ni ó wọ orí rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kí a yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, kí a sì yọ wáyà náà. Bí iná kò bá kú, wáyà ti bó, ó sì ń kan ara mọ́tò. Kí a wá ojú ibẹ̀, kí a sì wé e. Bí iná bá kú, wáyà kò lẹ́bi, ṣùgbọ́n èyí kò tíì fi hàn pé súìṣì ni ó bàjẹ́. Kí a pe mẹkáníìkì tí ó ní ohun èlò tí a fi ń wọn ipá ọ́ìlì, kí ó fi í sí ipò súìṣì, kí ó sì ka iye rẹ̀. Bí ipá bá pé, súìṣì tuntun ni oògùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá yọ wáyà sílẹ̀ kí iná má baà tàn mọ́ kò wo àrùn sàn. Olùṣọ́ ni ó pa lẹ́nu mọ́.

Iná tí ń ṣẹ́jú kìkì nígbà tí mọ́tò bá gbóná tí ó sì dúró lójú kan lè máa sọ pé ọ́ìlì ti gbó, tàbí pé ó ṣàn jù, tàbí pé irin inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ. Èyí yẹ ní ríronú sí ní ilẹ̀ Yewa, níbi tí ọ̀pọ̀ mọ́tò àlòkù ti gba Kọ̀tọnu àti ibodè wọlé, kí ìjọba àpapọ̀ tó fi òfin dé gbígbé mọ́tò wọlé gba orí ilẹ̀ láti oṣù January 2017. Ẹni tí ó ra àlòkù kò mọ ìgbà tí a pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ kẹ́yìn. Kí ó pààrọ̀ ọ́ìlì àti asẹ́ kí ó tó rìn jìnnà, kí ó sì kọ ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé àlùmánáàkì rẹ̀.

Kí a má sì gbàgbé ìlera. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ọ́ìlì tí a ti lò lè fa àrùn jẹjẹrẹ awọ ara bí ó bá ń kan ara lóòrèkóòrè. Kí a fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́ kúrò, kí a má fi í sí ojú egbò, kí a má sì dà á sí ẹ̀bá kànga tàbí odò.

Láti kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìwé Esekíẹ́lì, orí 33, sọ ti olùṣọ́ tí ń fọn ìpè nígbà tí ewu bá ń bọ̀, ó sì fi hàn pé ẹni tí ó gbọ́ tí kò kọbi ara sí i ni ó ni ẹ̀bi ara rẹ̀. A lè kó gbágùúdá láti inú mọ́tò kan sí òmíràn, kí ó sì dé ọjà kí ó tó bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí ó bá ti nọ́ọ̀kì, owó ẹrù náà kò lè tún un ṣe.