Kí A Tó Ya Àwòrán: Ènìyàn àti Ẹyẹ ní Etí Adágún Bè

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí àwọn oníṣòwò aṣọ àlòkù ní ọjà Hédzranawoé ṣì ń tú ìdì ẹrù wọn, àwa mẹ́fà gun zémidjan lọ sí etí adágún Bè. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni a ní. Fóònù ni ti àwọn yòókù. Ohun tí a ń wá kò ju àwòrán lékeléke àti ti àwọn ènìyàn tí ń jí sí etí omi. A rí àwòrán díẹ̀ mú bọ̀, a sì rí ẹ̀kọ́ tí ó ju àwòrán lọ.

Ẹni tí ó bá ń gbé Lomé mọ̀ pé ìlú olómi ni. Òkun wà ní gúúsù. Ọ̀sà sì la ìlú já, ó ya ilẹ̀ iyanrìn tí ìlú àtijọ́ wà sọ́tọ̀ kúrò lára òkè Tokoin. Adágún Ìwọ̀-oòrùn, Adágún Ìlà-oòrùn àti Adágún Bè ni apá ọ̀sà náà, ojú omi tí a fi ọwọ́ là ni ó sì so wọ́n pọ̀. Nígbà òjò, inú wọn ni àgbàrá ìlú ń rọ́ sí, pẹ̀lú pàǹtírí tí àwa fúnra wa dà sójú gọ́tà. Síbẹ̀, àwọn ẹyẹ kò tíì kọ omi náà sílẹ̀.

Oòrùn ilẹ̀ wa kì í fi àkókò ṣòfò. Ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ni ó ń yọ. Nígbà tí yóò bá fi di agogo mẹ́sàn-án, ó ti ga ju bí ayàwòrán ti ń fẹ́ lọ, òjìji á sì ti bo ihò ojú ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ àwòrán rere ní etí omi, kí ó jí ní kùtùkùtù.

Lékeléke ni a kọ́kọ́ rí. Àwọn ọmọdé Yorùbá ti mọ ẹyẹ yìí tipẹ́. Wọn a na ọwọ́ sí i lójú ọ̀run, wọn a ní kí ó fi funfun rẹ̀ ta àwọn lọ́rẹ ní èékánná. Funfun náà gan-an ni ìyọnu ayàwòrán. Bí fóònù bá ti ara omi dúdú wọn ìmọ́lẹ̀, ẹyẹ náà á di àbàwọ́n funfun lásán tí kò ní ìyẹ́. Ẹ fi ìka kan ara ẹyẹ náà lójú fóònù, kí ẹ sì fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ti ènìyàn dúdú yàtọ̀ sí èyí. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn bí ìdí ìkòkò. Ojú náà ni kí ẹ fi ìka kàn, tàbí kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó kọjú sí ìmọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹyẹ kékeré kan dé, aláwọ̀ dúdú àti funfun, ẹnu rẹ̀ gùn ó sì mú. Ó ń lu ìyẹ́ lójú kan lókè omi, kí ó tó já ṣòòrò sínú rẹ̀ láti mú ẹja. Ọ̀kan nínú wa sáré tọ̀ ọ́. Ẹyẹ fò lọ. Òmíràn jókòó sílẹ̀, kò mira fún ìdajì wákàtí. Ẹyẹ náà padà wá bà sórí igi tí kò jìnnà sí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ju òkò lu ẹyẹ kí ó lè fò fún àwòrán yín. Ẹ má sì sún mọ́ ìtẹ́ tí ọmọ wà nínú rẹ̀: ìyá tí ó bá sá fún yín fi ọmọ sílẹ̀ fún oòrùn àti kannakánná.

Ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn ni a ti ṣe àṣìṣe. Ìyá kan ń ta kókó àti botokoin ní ẹ̀bá ọ̀nà. Èéfín ń gòkè láti ara ààrò rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ sì ń gba inú èéfín náà kọjá. Ó wu ọ̀kan nínú wa, ó sì ya ìyá náà láìkí i. Ìyá gbọ́ ìró kámẹ́rà. Ó gbé ìgbákọ sílẹ̀, ó sì bi wá ní èdè Mina pé ta ni ó rán wa. A dákẹ́. Ó ní òun ti rí irú wa rí, àwọn tí ń ya òun pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ àti pàǹtírí tí ó wà lẹ́yìn òun, tí wọ́n á sì lọ fi han ayé pé bí Lomé ti rí nìyẹn. “Ẹ ò kí mi, ẹ ò jẹun lọ́dọ̀ mi. Kí ni ẹ fẹ́ fi ojú mi ṣe?”

A bẹ̀ ẹ́. A pa àwòrán náà rẹ́ níṣojú rẹ̀. A kò ní purọ́: ó dùn wá, nítorí àwòrán náà ni ó dára jù ní ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni a jókòó, a ra kókó, a sì fi àwòrán àwọn ẹyẹ hàn án. Ó rẹ́rìn-ín sí ẹyẹ apẹja náà. Ó ní ojoojúmọ́ ni òun ń rí i. Nígbà tí ó ṣe, ó nu ọwọ́, ó tún gèlè wé, ó gbé àpótí rẹ̀ lọ sí ibi tí omi ti ń dán tí kò sí ìdọ̀tí, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. “Ẹ ya èyí.”

Bí a ti ń padà bọ̀, ẹnu wa kò kò. Àwọn kan ní àwòrán kejì ti le jù, pé ẹ̀mí wà nínú ti àkọ́kọ́. A gbé e lọ bá bàbá kan ní àdúgbò wa, tí ó fi iṣẹ́ fọ́tò tọ́ ọmọ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó wò ó títí. Ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, nígbà tiwa, oníbàárà ní í mú ojú ara rẹ̀ wá, iṣẹ́ tiwa ni kí a má bà á jẹ́. Ìjókòó àgbà ni ìyá yìí jókòó.”

Ọ̀rọ̀ bàbá ní gbòǹgbò. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ ọ́ ní 1978 pé ìjókòó báyìí, ojú sí iwájú, ọwọ́ lórí orúnkún, ni àwọn àgbà Yorùbá fi ń ṣe àfihàn ipò àti ìwà wọn. Ó tún rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, a máa ya èyí tí ó kù, a ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà kí àwọn méjèèjì lè jọ wà. Ẹni tí ó mọ èyí mọ̀ pé àwòrán kì í ṣe ohun ìṣeré lọ́dọ̀ wa.

Iṣẹ́ náà sì ti pẹ́ ní etí òkun yìí. Alex Acolatse (1880–1975) ya Lomé láti ìgbà àwọn Jámánì. Àwọn Yorùbá náà gbé kámẹ́rà kiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, débi pé Erika Nimis kọ odindi ìwé lórí ìrírí wọn ní 2005. Ní orílẹ̀-èdè Mali, Malick Sidibé ya àwọn ọ̀dọ́ Bamako níbi òde ijó àti ní etí odò Ọya. A máa fọ fíìmù rẹ̀, a sì gbé àwòrán kéékèèké síta kí àwọn tí ó yà wá mú ti wọn. Ẹni tí a yà ní í kọ́kọ́ rí i.

Òfin wá náà kò dákẹ́. Òfin 2019-014 ti Tógò, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá 2019, dáàbò bo ohun tí a fi lè dá ènìyàn mọ̀, ojú sì ni àkọ́kọ́ nínú irú ohun bẹ́ẹ̀. Ní Bè kan náà ni igbó mímọ́ wà. Kí ẹnikẹ́ni má gbé kámẹ́rà síbẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ya ọmọdé, ẹ wá òbí rẹ̀. Ẹ kí ènìyàn kí ẹ tó yà á. Bí ó bá kọ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì kọjá.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, a tẹ àwòrán ìyá náà sórí ìwé, a sì gbé e lọ fún un. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ọwọ́ kí ó tó gbà á. Ó bèèrè iye tí a fẹ́ gbà. A ní kò sí. Ó kọ̀, ó di botokoin mẹ́fà fún wa, ó sì ní a lè fi àwòrán náà sínú ìwé ìròyìn yìí. Ẹyẹ apẹja náà wà lórí igi rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí ó yà á.