Ogun Àsọtẹ́lẹ̀ Kì í Pa Arọ: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Ìjì Orí Oòrùn

Ní alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún, ọdún 2024, ojú ọ̀run pọ́n bí osùn ní ibi tí a kì í ti í sábà rí irú rẹ̀. Àwọn ará gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i. Àwọn ará Florida ní Amẹ́ríkà rí i. Ó sì dé ilẹ̀ Mẹ́síkò pẹ̀lú. Ìmọ́lẹ̀ àríwá ni, èyí tí àwọn ará Nọ́wè, Áísìláńdì àti àríwá Kánádà ń rí lóòrèkóòrè. Ohun tí ó jọ wá lójú jù lọ nínú ọ̀ràn náà kì í ṣe ẹwà ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún, bí kò ṣe pé a ti kéde rẹ̀ kí ó tó dé.

Ní ọjọ́ kan ṣáájú, àwọn tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́ òfurufú ní ìlú Boulder, ní ìpínlẹ̀ Colorado, ti kìlọ̀ pé ìjì líle kan ń bọ̀ láti orí oòrùn. Orí ìpele 1 tí kò le ni wọ́n ti ń ka irú ìjì bẹ́ẹ̀, títí dé ìpele 5 tí ó le jù lọ. Ìkìlọ̀ ìpele 4 ni wọ́n ṣe, irú èyí tí wọn kò tíì ṣe láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005. Nígbà tí ìjì náà sì dé, ìpele 5 ni ó bá wọlé. Wọ́n sọ ọ́, ó ṣẹ, ó tilẹ̀ ju bí wọ́n ti sọ ọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2014, oòrùn bú gbàmù, ó sì tu ìjì jáde. Àwọn onímọ̀ ní yóò kọlu ayé ní nǹkan bí ọjọ́ méjì sí i. Àwọn tí ń retí ìmọ́lẹ̀ àríwá gbójú sókè, pàbó ni ó já sí. Agbára òòfà tí ó wà lára oòrùn fúnra rẹ̀ ni ó ti ìjì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó fi jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ni ó kan ayé wa.

Ǹjẹ́ òpùrọ́ ha ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ọdún 2014, tí wọ́n sì wá di wòlíì ní ọdún 2024? Ìdáhùn tiwa ni pé rárá. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe ní ìgbà méjèèjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ti rí.

Oòrùn jìnnà sí wa tó ibùsọ̀ mílíọ̀nù 93. Agbára òòfà lọ́ mọ́ ọn lára bí okùn. Níbi tí okùn yìí bá ti wé pọ̀ jù, a ó rí àbàwọ́n dúdú lójú oòrùn. Àwọn àbàwọ́n náà a sì máa pọ̀, wọn a tún máa dín kù, ní nǹkan bí ọdún 11 sí ara wọn. Bí okùn náà bá já lójijì, oòrùn lè tu bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù afẹ́fẹ́ gbígbóná, tí ó ru agbára mànàmáná, sínú òfurufú. Ó sábà máa ń gba ọjọ́ kan sí mẹ́ta kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ayé wa pẹ̀lú ní agbára òòfà tirẹ̀, tí ó dúró bí asà fún wa. Nígbà tí ìjì bá kọlu asà yìí, èérún mànàmáná a rọ́ wọ inú afẹ́fẹ́ òkè ní ìhà àríwá àti ìhà gúúsù ayé. Bí wọ́n bá ti ń gbún ọ́síjìn àti náítírójìn inú afẹ́fẹ́ náà, àwọn wọ̀nyí a máa tan ìmọ́lẹ̀: ọ́síjìn a tan àwọ̀ ewé àti pupa, náítírójìn a tan búlúù àti àwọ̀ àlùkò.

Àwọn alóre òfurufú wọ̀nyí ń wo àbàwọ́n ojú oòrùn lójoojúmọ́. Èyí ń fi hàn wọ́n pé ìbúgbàmù lè wáyé. Kò fi hàn pé dandan ni kí ó wáyé. Bí ó bá wáyé, wọn a wo bí ìjì náà ti ń sáré tó àti ibi tí ó dorí kọ, wọn a sì ṣírò ìgbà tí yóò dé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kò lè rí láti òkèèrè, èyíinì ni ìhà tí òòfà inú ìjì náà kọjú sí. Bí ó bá kọjú sí àríwá, asà ayé yóò dá púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ padà. Bí ó bá kọjú sí gúúsù, ilẹ̀kùn yóò ṣí sílẹ̀ fún un. Ìgbà tí ìjì bá dé ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tí a gbé síwájú, ní nǹkan bí ibùsọ̀ mílíọ̀nù 1 sí ayé, ni wọn tó lè mọ èyí dájú. Nígbà náà, kò sábà ju wákàtí kan lọ mọ́ kí ó tó wọlé.

Nítorí náà ni ìkìlọ̀ wọn ṣe ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: èyí ni ohun tí a mọ̀, èyí ni ohun tí a kò tíì mọ̀, ìgbà báyìí ni a ó tó mọ̀ ọ́n.

Àǹfààní wo ni ó wà nínú irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ bi ìtàn léèrè. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1859, Richard Carrington, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i tí ìmọ́lẹ̀ funfun bù yẹ̀rì láàárín àbàwọ́n ojú oòrùn. Kí wákàtí 18 tó pé, ìjì ti dé. Wáyà tẹlígíráàfù dàrú ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ojú ọ̀run pọ́n títí dé Havana ní Kúbà, erékùṣù tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ènìyàn wa, tí wọ́n ń pè ní Lukumí, ti ń ṣe ẹrú nínú oko ìrèké nígbà náà. Kò sí ẹnì kan láyé tí ó lè kìlọ̀ fún ẹrú tàbí olówó rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta, ọdún 1989, irú ìjì bẹ́ẹ̀ pa iná mànàmáná Québec ní Kánádà láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ènìyàn mílíọ̀nù 6 sì wà láìní iná fún wákàtí 9. Ní ọdún 2024, katakata àwọn àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí sátẹ́láìtì ń tọ́ sọ́nà, ṣìnà ní àkókò gbígbìn gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń bójú tó iná mànàmáná ti gbọ́ ìkìlọ̀, wọ́n ti múra, ìlú kò sì ṣókùnkùn.

Ẹnìkan lè wí pé kí ni èyí kàn wá, nígbà tí a kì í rí ìmọ́lẹ̀ àríwá ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta? Ó kàn wá. Ìlà tí ó pín òòfà ayé sí méjì gba òkè ọya Nàìjíríà kọjá, afẹ́fẹ́ òkè tí ó bò wá sì máa ń dàrú púpọ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Inú rẹ̀ ni ohùn rédíò ọ̀nà jíjìn àti ti àwọn sátẹ́láìtì ń gbà. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn onímọ̀ ti ń wọn afẹ́fẹ́ yìí ní yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n sì kó ipa tiwọn nínú ìwádìí gbogbo àgbáyé ti ọdún 1957 sí 1958. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa.

Ohun tí ó ṣe àjèjì sí wa ni sùúrù. Bí a bá sọ fún wa pé òjò yóò pọ̀, tí kò sì pọ̀, ẹ̀sín ni a ó fi ẹni tí ó sọ ọ́ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa mọ̀ pé òjò a máa ṣú kí ó má rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró lórí àpótí ìbò, tí ó búra pé ohun gbogbo ni òun mọ̀, àtẹ́wọ́ ni a ń pa fún un. Ìlú tí ó bá ń fi alóre rẹ̀ ṣẹ̀sín nítorí pé ogun tí ó rí yà sí ọ̀nà mìíràn, yóò sọ alóre di ẹni tí ń dákẹ́, tàbí ẹni tí ń purọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín “ó ṣeé ṣe” àti “ó dájú.” Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ bi àwọn aṣáájú wa ní ìbéèrè mẹ́ta tí àwọn alóre òfurufú ń dáhùn: kí ni ẹ mọ̀, kí ni ẹ kò tíì mọ̀, ìgbà wo ni ẹ ó mọ̀ ọ́n? Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n arọ tí ó lé ẹni tí ó wá sọ fún un dànù kò gbọ́n.