Ẹ Má Di Ẹran Ìgbẹ́ Wọ Bàálù

Ẹ̀yin òbí wa ní Ṣómólú àti Bàrígà, mo mọ̀ pé ó wù yín kí ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tọ́ ọ̀yà wò. Àmọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí èrò gbé ẹran wọlé láti Nàìjíríà, ì báà jẹ́ èyí tí a yan gbẹ; wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín. Ìwo àgbọ̀nrín pàápàá, ẹ béèrè kí ẹ tó dì í. Kì í ṣe ìkà o. Ẹran ìgbẹ́ lè ní kòkòrò Ebola lára, àrùn tí èrò bàálù kan gbé wọ Èkó lára rẹ̀ ní oṣù Keje, ọdún 2014. Ẹni tó ń kun ẹran ní tútù ni ewu náà pọ̀ fún jù: ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ. Ẹja gbígbẹ ni kí ẹ dì, kó má ju kílò 20 lọ. Ọ̀yà yẹn, ẹ sè é jinná, kí ẹ jẹ ẹ́ nílé. Ọmọ á jẹ tirẹ̀ bó bá dé.