Tíṣà tó fi áísì kirímù mú àwọn ọmọ ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́: ìtàn fíìmù Bored of Education

Ìsinmi gígùn ti parí, ilé ìwé ti pe àwọn ọmọ padà, àmọ́ Spanky àti Alfalfa ò fẹ́ jókòó ní kíláàsì rárá. Spanky bá dá ọgbọ́n kan: kí Alfalfa fi bàlúùnù sẹ́nu kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wú, kó máa ké pé eyín ń dun òun. Tíṣà á ní kó máa lọ sílé, Spanky á ní òun fẹ́ sìn ín lọ. Ó parí!

Bí Bored of Education ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1936. Ohun tí wọ́n ò mọ̀ ni pé Miss Lawrence, tíṣà tuntun náà, ti gbọ́ gbogbo ètò wọn. Kò bú wọn, kò gbá wọn létí. Ó ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n bọ́ síta báyìí, wọ́n pàdé ẹni tó ń gbé áísì kirímù bọ̀, tíṣà ló sì rà á fún gbogbo kíláàsì. Háà! Ara Alfalfa yá lójijì. Àmọ́ wíwọlé padà ti di wàhálà, torí Alfalfa gbọ́dọ̀ kọrin lójú gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ ná.

Ibi tó dùn jù lójú tèmi nìyẹn. Tíṣà ò bá wọn jà. Ó kàn jẹ́ kí irọ́ wọn ṣiṣẹ́, irọ́ yẹn ló sì jẹ wọ́n níyà. Àwa tí wọ́n fi pàṣán kọ́ ní ABD, ẹ wo nǹkan!

Orúkọ ẹ̀ gan-an, ẹ̀fẹ̀ ni. "Board of Education" ni ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwé lọ́hùn-ún. "Bored" dún bákan náà létí, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé nǹkan ti sú èèyàn.

Hal Roach ló dá eré Our Gang yìí sílẹ̀ lọ́dún 1922. Tẹ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń tó nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, àmọ́ àwọn ilé sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fíìmù ńlá méjì hàn lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, àyè ò sì gba eré kékeré mọ́. Wọ́n bá gé e kúrú. Èyí tí Gordon Douglas darí yìí ló sì gba Oscar, òun nìkan ṣoṣo nínú gbogbo Our Gang.

Ẹ tún wo kíláàsì yẹn dáadáa. Buckwheat, ọmọ dúdú tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún péré, wà láàárín àwọn ọmọ funfun, nígbà tí òfin ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà ò gbà kí irú wọn kàwé pọ̀. Lóòótọ́, aṣọ àti ìṣe tí wọ́n fún un nínú eré náà máa ń fi ọmọ dúdú ṣẹ̀sín. Ohun méjèèjì ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá ń bí mi nínú. Lọ́dún 1955, wọ́n gbé àwọn eré yìí sórí tẹlifíṣàn pẹ̀lú orúkọ The Little Rascals, gbogbo Amẹ́ríkà tún ń wò ó. Owó iṣẹ́ tí àwọn ọmọ náà gbà nígbà tí wọ́n ń ṣe é nìkan ni tiwọn. Kọ́bọ̀ ò kàn wọ́n nínú ti tẹlifíṣàn. Òfin kan ti wà ní California láti 1939, lẹ́yìn tí Jackie Coogan pe ìyá ẹ̀ lẹ́jọ́ lórí owó tó ṣiṣẹ́ fún nígbà èwe, àmọ́ owó iṣẹ́ ọmọ nìyẹn ń dáàbò bò, kì í ṣe owó àtúnwò.

Ní January 1959, tí tẹlifíṣàn ṣì ń fi Alfalfa kékeré hàn, wọ́n yìnbọn pa Carl Switzer tó ṣe é. Ìjà lórí 50 dọ́là ni. Ọmọ ọdún 31 ni.